Igi Họ́kì tí Ikúmápàyí Gbẹ́

Ẹni tó bá ti bá Ikúmápàyí, apẹja tó ń gbẹ́ àjẹ̀ ìtukọ̀, da nǹkan pọ̀ rí létí ọ̀sà Bàríga mọ òfin rẹ̀ kan ṣoṣo: àjẹ̀ tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá tíì tẹ́ dọ́gba kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ àtíbàbà. O lè bẹ̀bẹ̀, o lè ní ìjì ti ń ṣú, o lè ní ẹja ti ń jẹrà sínú àwọ̀n; bó bá jẹ́ ojú kan péré ló ti fá, á ní kí o fìdí lé pátákó, kí o mu omi. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn ní etíkun Oǹdó kí wọ́n tó tukọ̀ wá sí Èkó. Nínú ìdílé tiwọn, wọ́n gbà pé àjẹ̀ olójú kan a máa gbé èèyàn lọ, kì í gbé e bọ̀.

Òfin yìí ló kó bá Táwà.

Táwà kì í ṣe ọmọ apẹja. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, láti agboolé àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò Mùsùlùmí, àwọn tó jẹ́ pé kálámù ni wọ́n fi ń jẹun láti ayé òyìnbó. Òun náà ń tẹ ìwé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan kí àwọn sójà tó gbàjọba, kí wọ́n tó ní owó ti tán nílẹ̀, kí wọ́n sì tó máa dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò dànù. Nígbà tí ó kàn án, ìyá rẹ̀ rò pé yóò jókòó sílé sunkún. Táwà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó háyà ní Ṣómólú, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Bí oòrùn bá ti rọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á so fèrè mọ́ ọrùn, á sì gba ọ̀nà Bàríga lọ sí pápá iléèwé kan tó kọjú sí omi, níbi tí àwọn ọmọbìnrin kan ti ń dúró dè é kó kọ́ wọn ní họ́kì. Wọ́n ní ilé alájà ló wà lórí pápá náà báyìí. Nígbà náà, ewúrẹ́ àti atẹ́gùn ọ̀sà nìkan ló ń bá wọn dù ú.

Họ́kì jọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, mọ́kànlá sí mọ́kànlá, ṣùgbọ́n igi tí orí rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ojú kan igi náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto. Ojú tó tẹ́ nìkan lòfin gbà kó kan bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá wá bá ọ lápá òsì, àfi kí o yí ọwọ́, kí igi dojú kodò, kí ojú tó tẹ́ yẹn lè bá a. Àwọn iléèwé Ṣómólú àti Bàríga ti ń gbá a tipẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe Ìdíje Àwọn Ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ á sì pọ̀ débi pé ọjọ́ Sátidé kò ní tó fún wọn.

Ṣùgbọ́n igi ń kán. Igi iléèwé ni, láti ìgbà tí epo rọ̀bì ṣì ń pa owó wọlé. Wọ́n fi okùn di òmíràn, wọ́n fi rọ́bà táyà wé òmíràn, títí tó fi di pé okùn pọ̀ ju igi lọ lọ́wọ́ wọn. Kò síbi tí èèyàn ti lè ra tuntun, torí ìjọba ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà òkèèrè. Mílíìkì àti ṣúgà gan-an, orí ìlà ni wọ́n ti ń gbà á, tí sójà ń fi kòbókò tò wọ́n. Ta ni yóò wá máa sọ ti igi họ́kì?

Sabina ló mú Táwà lọ bá bàbá rẹ̀. Ọmọ Ikúmápàyí ni Sabina, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló sì mọ̀ ọ́n gbá jù nínú gbogbo wọn. Táwà mú igi kan tó ti là dání kí bàbá náà lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ikúmápàyí yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto.

"Òyìnbó tó gbẹ́ èyí," ó ní, "oorun gbé e lọ nídajì iṣẹ́."

Táwà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàbá náà ní òun gbọ́. Nígbà tí Táwà padà wá kó wọn, àwọn igi náà to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń dán. Orí wọn tẹ̀ dáadáa, torí gbòǹgbò igi etí omi tó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi gbẹ́ wọn. Ojú méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tọ̀tún tòsì, bí àjẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Táwà, ó gbé e mì. Bàbá tó ti fi iṣẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ nítorí wọn, ta ni yóò ní kó lọ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́? Àárín ara wa náà ni, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Sájẹ́ǹtì Ògúnmọ́lá, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ apá Fọlá Àgòrò ní họ́kì, tó tún ń ṣe rẹfirí fún gbogbo àdúgbò, wo igi náà, ó wo Táwà, ó sì yọ fèrè kúrò lẹ́nu.

"Rẹfirí tó bá fọn fèrè sí gbogbo ohun tó rí," ó ní, "èémí rẹ̀ á tán kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Bàríga ṣe kọ́ họ́kì tiwọn. Ojú yìí á gbá a sọ́tùn-ún, ojú kejì á gbá a sósì, ọwọ́ kò ní yí, ìdí kò ní yẹ̀. Wọ́n ń yára bí iná ọyẹ́. Ti Sabina ló wá yàtọ̀: á tẹ̀ síwájú díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni ń tu ọkọ̀ bọ̀ wálé lójú ìjì. Àwọn tó ń ti Akọka bọ̀ á dúró létí pápá láti wò ó.

Lẹ́yìn náà ni Líìgì Àṣàyàn dé.

Àwọn olówó kan ló dá a sílẹ̀ ní Ọbáníkòró, ọ̀gá báńkì, ọ̀gá sójà, àwọn tó mọ ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé nígbà tí ọ̀nà ti dí. Wọ́n mọ odi yí pápá kan ká, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀rọ omi Ṣómólú ń súfèé lásán. Onígbọ̀wọ́ ló ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò ló ń gbé àwọn ọmọ wá, igi ọwọ́ wọn láti ilẹ̀ Pakísítánì ni. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó burú. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀, bàtà á bá ẹsẹ̀ rẹ̀, iléèwé rere á gbà á.

Ṣùgbọ́n wọn kì í mú ẹgbẹ́, èèyàn ni wọ́n ń mú. Ní Fọlá Àgòrò, wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ tó ń sáré jù. Wọ́n padà wá mú àwọn méjì tó ń gbá a fún un. Orí ẹja ni wọ́n ń mú lọ, ìrù kì í sì í lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹgbẹ́ Sájẹ́ǹtì Ògúnmọ́lá ti túká. Àwọn ti Akọka ní òbí tó lówó lọ́wọ́ díẹ̀, wọ́n kó ara wọn lọ sí Ọbáníkòró. Ìdíje Àwọn Ọ̀dọ́ ṣẹ́ kù ẹgbẹ́ mẹ́ta, ó ṣẹ́ kù méjì, lọ́jọ́ kan ó wá ku àwọn ọmọ Táwà nìkan, tí wọ́n ń pín ara wọn sí ọ̀nà méjì kí wọ́n tó rí ẹni bá gbá.

"Mi ò bínú pé wọ́n mú ọmọ," Sájẹ́ǹtì sọ fún Táwà, bó ṣe jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó béèrè àwọn tó kù."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni akọ̀wé líìgì náà fúnra rẹ̀ wá sí Bàríga. Raphael Ògúntádé ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́, tí kì í pariwo, tó ń kí Táwà bí ẹni ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ó dúró wo Sabina títí wọ́n fi kógbá. Ó ní ọmọ náà ni òun wá mú.

Táwà ní kó mú gbogbo wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mádààmù, èèyàn kì í torí ẹja kan ra gbogbo àwọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni kì í fa okùn kan yọ nínú àwọ̀n," Táwà dá a lóhùn, "kó tún ní kí àwọ̀n máa pẹja."

Ògúntádé gbà pé òótọ́ ni, ó sì fún Sabina ní igi tuntun tí lẹ́tà òyìnbó wà lára rẹ̀. Táwà kò sọ fún ọmọ náà pé kó má lọ. Ìwọ lo ni ẹsẹ̀ rẹ, ó sọ fún un. Sabina lọ. Pápá Bàríga dákẹ́ lọ́sẹ̀ náà bí ilé tí wọ́n ti gbé ìyàwó lọ.

Ó padà wá kó tó pẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ọbáníkòró. Ó gbé igi tuntun náà lé orí aṣọ tí Táwà ń rán lọ́wọ́.

"Àǹtí, igi yìí ní ẹ̀yìn."

Táwà pa ẹ̀rọ.

"Mo gbá a lọ sósì, fèrè. Mo tún gbá a, fèrè. Wọ́n ní kí n yí ọwọ́. Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n yí. Ọmọ kan wá bi mí pé ṣé ọkọ̀ ni mò ń tù." Ó fi ìka ra ẹ̀yìn igi náà. "Ọ̀gá Ògúntádé ní kí n padà wá tí ọwọ́ mi bá ti mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ dá nìkan kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ kọ́ mi níbí. Ẹ kọ́ gbogbo wa."

Táwà kò mọ ibi tó lè fojú sí. Òun mọ̀, kò sì sọ. Ó ti rò pé àárín ara wọn ni, kò rántí pé ọmọ kì í dúró láàárín ara rẹ̀ títí ayé. Ó ní kí Sabina mu omi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí oorun tó gbé e, ó ti pinnu pé àwọn ọmọ mọ́kànlá náà yóò wọ Líìgì Àṣàyàn pa pọ̀, lábẹ́ orúkọ Bàríga, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò kó fèrè sínú àpótí.

Ọ̀nà kò sí. Sójà ló la ọ̀nà. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, orin ológun gba rédíò kan, àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ àwọn sójà, ọ̀gágun kan tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹgbẹ́ kan ní Ọbáníkòró sì di ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Àwọn òbí yọ ọmọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má bàa so orúkọ mọ́ ọn. Sájẹ́ǹtì ló mú ìròyìn náà wá. Kí ọjọ́ kejì tó kanrí, Táwà ti dúró lẹ́nu géètì pápá Ọbáníkòró. Máìgádì ní kó lọ, ó ní òun kò lọ. Máìgádì ní ẹni tó ń wá kò sí nílé, ó ní òun yóò dúró títí ẹni náà yóò fi wà nílé.

Ògúntádé jáde wá. Ó tẹ́tí sí i. Ó ní àyè ẹgbẹ́ kan ṣófo lóòótọ́, ọ̀gágun náà sì ti sanwó rẹ̀ títí dé ìparí ọdún, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò ní gbà kí òfin yẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú igi tirẹ̀ wá, wọn kì í yá ara wọn. Ojú kan ló gbọ́dọ̀ tẹ́. Igi kọ̀ọ̀kan yóò sì gba inú òrùka irin kan tó wà lọ́wọ́ rẹfirí kọjá, láti ọwọ́ dé orí. Èyí tó bá há, ẹni tó ni ín kò ní gbá. Bí mọ́kànlá kò bá sì pé nígbà tí fèrè bá dún, ẹgbẹ́ náà á padà sílé.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní gbogbo wọn," ó ní. "Ó dáa. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ rí." Sátidé tó máa tẹ̀ lé ti ìmọ́tótó àyíká ìparí oṣù ló dá fún un.

Táwà gba etí ọ̀sà lọ tààrà. Ó ṣàlàyé fún Ikúmápàyí pé kó fá ẹ̀yìn àwọn igi náà kó rí roboto. Kò tíì sọ ọ́ tán tí bàbá náà fi dìde. Ìgbà tí inú bá ń bí i, èdè Ìlàjẹ ló ń sọ, ìdajì ni Táwà ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìdajì náà tó. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló fi yé e pátápátá.

"Tíṣà, ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ àlọ-láìbọ̀ fún ọmọ mi?"

Táwà lọ bá káfíńtà kan ní Fọlá Àgòrò. Ó fi pátákó gbẹ́ ọ̀kan tó lẹ́wà púpọ̀. Orí rẹ̀ fò kúrò ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Habeebat, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Táwà, fi gbá bọ́ọ̀lù, torí pátákó kò tẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi gbòǹgbò; ewúrẹ́ kan ni orí náà bà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn yíjú sí Táwà.

Ó padà sí abẹ́ àtíbàbà. Kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó kó yúnífọ́ọ̀mù tí òun fẹ́ ṣẹ́ létí dání lọ, ó jókòó lórí pátákó, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ikúmápàyí fún un lómi. Ó mu ún. Ọjọ́ kejì ó tún wá. Àwọn apẹja ń kọjá, wọ́n ń bi bàbá náà bóyá ó ti gbé ìyàwó kékeré, ó ń fá àjẹ̀ rẹ̀ lọ, Táwà náà kò gbójú sókè. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, á lọ bá àwọn ọmọ, á fi igi Pakísítánì tí Sabina gbé wá kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń yí ọwọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ nìyẹn, Sátidé sì ń bọ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, ó bá Ikúmápàyí tó ti dojú ọkọ̀ kan dé, tó ń fi òwú àti ọ̀dà dí i. Táwà fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí ọkọ̀ náà. Ó tutù, ó sì dán.

"Bàbá Sabina, ẹ jọ̀ọ́, inú ọkọ̀ yìí, báwo ló ṣe rí?"

"Ó tẹ́. Ibẹ̀ kọ́ lèèyàn ń jókòó sí?"

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó rí roboto. Báwo ni ì bá ṣe gun omi?"

"Ṣé oorun ló gbé ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ nídajì iṣẹ́?"

Ikúmápàyí gbé àwo ọ̀dà sílẹ̀. Ó wo omi. Ọkọ̀ ìpẹja kan ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n jọ wò ó títí ó fi gúnlẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi jókòó síbí," ó wí nígbà tó yá, "ọ̀rọ̀ yìí lẹ ń gbẹ́."

"Òní ló tó dá mi lójú."

"Àjẹ̀ ni mo pè é." Ó nawọ́, Táwà kò tíì mọ ohun tó ń béèrè. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkọ̀ ni. Ẹ kó wọn wá."

Àwọn igi kan náà ni, kò gbẹ́ tuntun. Ojú kejì tó ti fi sùúrù tẹ́, ó fi àáké kékeré bó o, ó fi ọ̀bẹ fá a, ó fi àfọ́kù ìgò họ ọ́ títí ẹ̀yìn fi rí roboto bí ìdí ọkọ̀. Gbogbo èyí tó bá parí, á gbé e lé omi ọ̀sà, á jẹ́ kó léfòó díẹ̀ kó tó gbé e fún ẹni tó ni ín.

Ibi tí ìyà wà gan-an ni ọwọ́. Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà kan ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó gba òmíràn. Táwà a máa yí bọ́ọ̀lù wá sápá òsì wọn, á ní "Yí i!", wọ́n á gbàgbé, ẹ̀yìn igi á bá a, bọ́ọ̀lù á gbọ̀nà ibi tó wù ú, fèrè á dún. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ń gbọ́ fèrè náà lójú oorun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀ ló tètè mọ̀ ọ́n, torí kò ní ohun púpọ̀ láti gbàgbé. Ti Sabina ló le jù. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó fi aṣọ wé e, ó ń gbá a lọ.

"Sabina," Habeebat pariwo láti òdì kejì, "ọkọ̀ rẹ ti dojú dé o."

"Màá léfòó," Sabina fèsì. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ wẹ̀, ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléèwé, ó ń yí ọwọ́, ó ń yí i padà.

Ọjọ́ Sátidé náà pé. Wọ́n rìn láti Bàríga, wọ́n gba Fọlá Àgòrò, wọ́n gba àárín Ṣómólú, igi lé èjìká, yúnífọ́ọ̀mù tí Táwà rán láti ara ajẹ́kù aṣọ lọ́rùn wọn. Àwọn atẹ̀wé yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n bi wọ́n bóyá ejò ni wọ́n ń lọ pa. Sájẹ́ǹtì Ògúnmọ́lá ṣíwájú, ó ń rìn bí ẹni pé ìlú ń wò ó ní páréèdì. Ikúmápàyí ló kẹ́yìn, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ funfun, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wọn. Ó ní bí òun bá ti tẹ ọkọ̀ sómi, òun a máa dúró wò ó títí yóò fi jìnnà sí èbúté.

Rẹfirí Ọbáníkòró yọ òrùka rẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ pa ẹ̀yìn igi Sabina, ó mi orí, ó ti òrùka bọ̀ ọ́. Ó kọjá. Ti Habeebat kọjá. Táwà dúró, ó gbá ọwọ́ mọ́yà, igi àti èémí rẹ̀ jọ ń wọ òrùka, wọ́n jọ ń jáde. Ó wá kan Wonder, aṣọ́lé wọn, ọmọ kúkúrú kan tó máa ń ṣe bí ẹni pé bọ́ọ̀lù jẹ ẹ́ ní gbèsè. Òrùka gun igi rẹ̀ dé ọrùn, ó dúró. Rẹfirí tì í. Kò lọ.

Ikúmápàyí ló dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó wí. Ó ní aṣọ́lé ló ń gba òkò, òun ló jẹ́ kí orí tirẹ̀ nípọn díẹ̀.

Ògúntádé bojú wo aago. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ó sọ fún Táwà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí fèrè bá dún tí mọ́kànlá kò pé, òun kò ní lè ṣe nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ṣì ní àyè fún Sabina, àti fún Habeebat pẹ̀lú.

"Gbogbo wọn lẹ ní ẹ fẹ́ rí, sà," Táwà wí. "Fèrè kò tíì dún."

Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí oníkálukú lọ dúró síbi tirẹ̀. Wọ́n lọ. Wonder náà lọ, ó dúró lẹ́nu ilé, ọwọ́ òfìfo, ó la ẹsẹ̀ gbàgà. Ikúmápàyí jókòó sórí koríko tí wọ́n ń bomi rin, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tọwọ́ bọ inú aṣọ funfun náà, ó sì yọ àfọ́kù ìgò kan tí ó fi aṣọ wé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ.

Gbogbo pápá gbọ́ ọ, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí eku nínú àjà. Àwọn ọmọ Ọbáníkòró sún mọ́ ọn, wọ́n ká a mọ́, wọ́n ń wo bí igi ṣe ń bọ́ sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀kan béèrè bóyá òun ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń họ ọ́ lọ láìgbójú sókè. Ó na igi sí rẹfirí. Òrùka dé ọrùn, ó wọ ibi títẹ̀, ó há. Ó gbà á padà. Rẹfirí wo aago, ó gbé fèrè sí ètè. Táwà ń wo fèrè náà, kò wo nǹkan mìíràn. Ikúmápàyí họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún họ ọ́, ó sì na igi náà láìdìde.

Òrùka gun igi, ó dé ọrùn, ó yí pẹ̀lú ibi títẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni ń ronú. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹfirí.

Bàbá àgbà aláṣọ funfun náà ló fúnra rẹ̀ sáré gbé igi lọ bá Wonder, ẹsẹ̀ lásán lórí koríko olówó. Kò tíì jáde nínú pápá tán tí fèrè fi dún.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, wọn kò borí lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ yẹn nà wọ́n, wọ́n tún nà wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dẹ́kun nínà wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, Habeebat ti bọ́ọ̀lù sí Sabina, bọ́ọ̀lù náà sì gba apá òsì rẹ̀ wá, níbi tí gbogbo ìyà wà. Táwà ti di etí rẹ̀ kan. Ó rí i tí ọmọ náà tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ tukọ̀. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó yí, igi dojú kodò, ojú tó tẹ́ bá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì lọ.

Ó dúró de fèrè. Fèrè kò dún.